Ọmọ Ta Ni Ẹ́, Kí Lo Fẹ́ Fi Ṣe?

Ìbéèrè méjì ló máa ń wà lẹ́nu àwọn tó ń jókòó sẹ́yìn kántà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù mi. Àkọ́kọ́ ni "Ọmọ ta ni ẹ́?" Èkejì ni "Kí lo fẹ́ fi ṣe?" Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fótókọ́pì ni mò ń ṣe, òun ni mo sì ń jẹ láti ìgbà tí mo ti jáde ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Ondó. Ẹni tó bá ń lọ sí sẹkitéríàtì á kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mi kí n bá a tẹ lẹ́tà. Tó bá ń bọ̀, á tún yà láti ṣe fótókọ́pì, tàbí kó kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi kó máa bínú. Bí wọ́n bá ń bínú ni mo máa ń gbọ́ ìtàn jù.

N kò ní sọ sẹkitéríàtì tó jẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ondó, ẹ mú èyí tó bá wù yín níbẹ̀. Èmi àti àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ní Akúrẹ́ máa ń sọ̀rọ̀, ohun tí ojú tèmi ń rí ni ojú tiwọn náà ń rí. Ohun tí mo ti wá gbà gbọ́ ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba ṣeé ṣe nílùú kékeré, òun kan náà ló sì sọ ìbéèrè kejì di ògiri. Ẹni tó bá ti rí èsì fún ti àkọ́kọ́ kì í sábà mọ̀ pé èkejì wà rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀. Nígbàkígbà tí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọlọ́pàá tàbí ti sójà bá jáde, tàbí tí àwọn ọmọ bá ń wọ yunifásítì, ṣọ́ọ̀bù mi kì í gba èrò. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀: fọ́ọ̀mù, pásípọ́ọ̀tù, rìsíìtì owó tí wọ́n san, àti lẹ́tà olórí ẹbí tàbí ti baálẹ̀ pé ọmọ wa ni lóòótọ́. Èmi ni mo máa ń tẹ lẹ́tà yẹn, baálẹ̀ á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ wo lẹ́tà. Ojú ọmọ ló ń wò.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

Ọmọ á dárúkọ bàbá rẹ̀.

"Agboolé wo nìyẹn? Àbí ti màmá tó máa ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ilé-ìwé?"

"Màmá àgbà wa nìyẹn, mà."

"Ẹn-ẹn! Jókòó. Bá mi kí màmá o."

Ó parí. Bí alága bá wà ní ọ́fíìsì, kí oòrùn tó mú, ìwé ti jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà l'Ékòó ní ojúsàájú nìyẹn. Èmi ò gbà fún un pátápátá. Ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń pín àyè iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi níye lórí, tí àwọn kan sì ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn sí i. Ọmọkùnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú lẹ́tà baálẹ̀ tó dán, tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀. Akọ̀wé bi í ní àdúgbò tí agboolé wọn wà, ó sọ ọ́. Ó bi í ta ló jẹ olórí ẹbí kí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí tó jẹ. Ni ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kọ̀ǹpútà wo ni ì bá mú un? Orúkọ òkú tí a ò kọ sílẹ̀ níbì kankan ló mú un.

Àmọ́ gbogbo ẹni tó yẹ kó rí ìwé yìí gbà kọ́ ni ìbéèrè yẹn rọ̀ fún. Ọmọbìnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ládùúgbò wa. Ọmọ ibí ni ìyá rẹ̀, ibí ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ èdè Ondó ju àwọn ọmọ tèmi lọ, àwọn tó jẹ́ pé Yorùbá inú tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń sọ sí mi. Wọ́n rí orúkọ bàbá lórí fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kó lọ gba tirẹ̀ nílùú bàbá rẹ̀. Ọmọ yìí ò dé ìlú bàbá rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ òfin ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló sọ ẹni tí a lè pè ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, tàbí èyíkéyìí nínú àwọn òbí tó bí bàbá àti ìyá rẹ̀, bá wá láti ara àwọn onílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Bàbá tàbí ìyá ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. Kódà, bó jẹ́ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ọmọ ibí, ó tó. Mo tẹ abala yẹn jáde, mo fa ìlà sí i nídìí, mo ní kó mú un lọ. Ọ̀sán ló padà wá, ọwọ́ òfo. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e lọ, bàbá kan tó ti fìgbà kan ṣe olórí àwọn àgbẹ̀ kòkó. Wọn ò tíì jókòó tán tí ìwé fi jáde. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ka ìwé òfin tí mo tẹ̀. Bàbá yẹn ni wọ́n kà.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin tó lọ́kọ. "Ìlú ọkọ rẹ ni kó o lọ." Ìlànà àjọ Federal Character, àwọn tó ń mójú tó pípín iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí ìpínlẹ̀, sọ pé ìpínlẹ̀ tí obìnrin ti wá ṣì ni tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mo ti tẹ ìyẹn náà jáde rí. Mo ti dẹ́kun à ń tẹ̀ ẹ́, nítorí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ló máa ń yanjú rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

Tó bá wá kan ìwé àtijọ́, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ẹ wo ti ọjọ́ ìbí. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 yẹn fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àfikún Kẹta inú ìwé kan náà tún gbé ti ìbí àti ikú fún àjọ tó ń ka ènìyàn, ìyẹn NPC, òfin kan sì ti wà láti 1992 tó sọ ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn di dandan. Iṣẹ́ kan, ọ̀gá méjì. Ẹni tí wọ́n bí láyé káńsù á mú ìwé káńsù tó ti ń ya lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ìrìnnà, wọn á ní ti NPC ni àwọn fẹ́. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí á lọ wá àgbàlagbà kan nínú ẹbí tí yóò búra pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mo ti tẹ irú ìwé ìbúra bẹ́ẹ̀ fún bàbá kan tó jẹ́ pé, bí a bá ṣírò ọjọ́ orí òun fúnra rẹ̀ dáadáa, ọmọdé ló jẹ́ nígbà tí wọ́n bí ẹni tó ń jẹ́rìí fún. Kò sẹ́ni tó ṣírò rẹ̀.

Ti ilẹ̀ ló tún le jù. Ní 3 oṣù kejì 1976 ni ìpínlẹ̀ Ondó di ìpínlẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Ìbàdàn ni olú-ìlú wa, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé wa ń gbé. Ní 1 oṣù kẹwàá 1996, Èkìtì yapa, àwọn tí iṣẹ́ wọn ti wà ní Akúrẹ́ tẹ́lẹ̀ ṣì ń padà wá wá fáìlì. Wọ́n tún pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Akúrẹ́ di Gúúsù àti Àríwá. Ondó di Ìwọ̀-Oòrùn, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà nínú ìgboro, àti Ìlà-Oòrùn, tí tirẹ̀ wà ní Bọ́lọ́rundúró. Ẹlòmíràn, ilé rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, oko kòkó rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn, kò sì mọ èyí tí ìwé bàbá òun wà nínú méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pín wa ni à ń ṣe bí ẹni tó kó kúrò nílé tó háyà, tó gbàgbé àpótí sọ́dọ̀ onílé.

Ẹbí kan tí mo máa ń bá tẹ̀wé ń ṣẹjọ́ ilẹ̀. Lọ́yà ní kí wọ́n wá ìwé ìgbà àwọn òyìnbó wá. Wọ́n wá a títí níbí, wọ́n lọ sí Alágbáka ní Akúrẹ́, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, wọn ò rí i. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n ti rí i, láàárín àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Ondo Prof, ìyẹn ti àkókò tí Akúrẹ́ jẹ́ ibùjókòó ìjọba fún gbogbo ẹkùn Ondó. Nígbà tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n ń sọ lórí bẹ́ǹṣì mi kò kan ẹjọ́ rárá. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ọmọ ta ni wọ́n. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n mú nọ́ńbà fáìlì nínú ìwé atọ́ka, ẹnìkan gbé e wá. Ẹni tó gbé e wá kò mọ Ondó yàtọ̀ sí Ọ̀wọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, nítorí Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù ni ìwé atọ́ka tiwa. Bí a ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́, bó o bá dárúkọ ọdún kan àti àdúgbò kan, wọn á wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, wọn á gbé ìwé ńlá jáde, eruku á bò wọ́n lójú. Àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀ òkú, owó orí àtijọ́, ìsọ̀ ọjà tí wọ́n pín fún àwọn ìyá wa, gbogbo rẹ̀ ló wà lórí wọn. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, ìwé ò kúrò nínú yàrá, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè rí i mọ́. Títí di òní, àwọn ènìyàn ń lọ bá wọn nílé. Bàbá á gun ọ̀kadà wá, wọn á wá ìwé náà, wọn á gba owó ọ̀kadà, wọn á lọ. Wọn kì í gbà ju ìyẹn lọ, mo lè jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti ń dàgbà, àrùn oríkèé sì ń bá ẹsẹ̀ wọn jà. Ẹni tí kò mọ ilé wọn ńkọ́?

Ó dà bíi pé mo ń bínú sí àwọn òṣìṣẹ́. Rárá o. Ìwà ọmọlúwàbí ni púpọ̀ nínú ohun tí mo ń sọ yìí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ènìyàn ni ìwà ọmọlúwàbí ń gbé lára, ó sì máa ń bá a fẹ̀yìn tì.

Ìbéèrè kejì wá kù. Àwọn tó ń wá ohun tó jẹ́ ti gbogbo ìlú ni wọ́n máa ń bi í, kì í ṣe àwọn tó ń wá tara wọn. Ní 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Rédíò sọ ọ́ títí, gbogbo ènìyàn di akápò. Nígbà tó di 18 oṣù kìn-ín-ní 2025, a dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ondó. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní kí n tẹ lẹ́tà kan fún àwọn. Gọ́tà kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò tí kọngílá kan gbẹ́, tó da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, tó sì lọ. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ mọ̀: orúkọ kọngílá, iye tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún un, àti ìgbà tó yẹ kó parí.

Kò sí lẹ́tà èsì. Fóònù ló dún, lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ta ló rán yín? Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí?" Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìyàwó tó ní ìsọ̀ nínú ọjà káńsù. Ẹnìkan kàn yà ní ìsọ̀ rẹ̀, ó ra tòmátì, ó ní, "Àwọn ọkọ yín ti ń kọ lẹ́tà báyìí o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì sanwó tòmátì. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, akọ̀wé ní ojú ń dun òun, kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò máa kọ̀wé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mo fẹ́ lọ. Níbi òkú ìyá ẹnìkan, pẹ̀lú ìyán lórí tábìlì, ẹnìkan tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nínú káńsù sọ gbogbo rẹ̀ fún wa láìjẹ́ pé a bi í: orúkọ kọngílá, iye owó, ìdí tí iṣẹ́ fi dúró. Ìdí náà kò burú rárá, owó ìpele kejì ni wọn kò tíì san. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ni, ìjà ì bá ti parí. Ìròyìn kì í wọ́n nílùú wa. Ìwé tó ní òǹtẹ̀ ló wọ́n, nítorí ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti yọjú nìyẹn.

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ní 28 oṣù karùn-ún 2011 ni Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí òfin òmìnira ìròyìn. Abala àkọ́kọ́ rẹ̀ gan-an sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kò sì pọn dandan kó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé bá pọ̀. Bí wọn ò bá ní fún ẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sọ abala òfin tó fún wọn láṣẹ. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ẹni tó bá sì fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ló yẹ kó bá a kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ lè bu ₦500,000 lé iléeṣẹ́ tó bá fi ìwé duni láìtọ́ lórí, ẹni tí wọ́n fi dù sì ní 30 ọjọ́ láti lọ sí kọ́ọ̀tù. Ó tún sọ pé kí wọ́n to ìwé wọn lẹ́sẹẹsẹ kí ó lè rọrùn láti rí. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, Bàbá Rẹ́kọ́ọ̀dù ni mo rántí.

Wọ́n máa ń sọ pé òfin Àbújá ni, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹjọ́ kan tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ wa gan-an ti dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn tó wà ní Akúrẹ́. Ọkùnrin kan béèrè àbájáde àyẹ̀wò owó ìpínlẹ̀, wọn ò fún un, ó lọ sí kọ́ọ̀tù. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ náà ní òfin yìí dé ìpínlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tún ń lọ síwá sẹ́yìn láàárín àwọn ilé-ẹjọ́ títí di 11 oṣù kẹrin 2025, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, pé ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀, gbogbo wọn ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èkìtì, àbúrò wa tó yapa, ti ṣe òfin tirẹ̀ láti 2011, kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn tó wà ní kántà. Wọ́n ti búra pé àwọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ ìjọba síta, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi tí ọkọ̀ kì í dé. Abala 27 inú òfin yìí ní wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá fi òótọ́ inú fún ènìyàn ní ìwé. Mo ka ìyẹn fún akọ̀wé kan tó wá ṣe fótókọ́pì. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí kọ̀ǹpútà, ṣé abala 27 ló máa bá mi san owó ilé-ìwé ọmọ mi bí wọ́n bá gbé mi lọ sí inú ẹrẹ̀?" N kò rí èsì fún un. Èyí ló sì jẹ́ kí n máa rò pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ kántà ló yẹ ká máa bi. Bí alága bá lẹ iye iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara pátákó ẹnu ọ̀nà sẹkitéríàtì, gẹ́gẹ́ bí òfin yẹn ṣe ní kí wọ́n máa fi ìwé síta kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, akọ̀wé á bọ́, àwa náà á bọ́.

Bí mo ṣe ń tẹ lẹ́tà báyìí ti yàtọ̀. Mo máa ń kọ orúkọ òfin àti ọdún rẹ̀ sókè. Mo máa ń tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ èyí tí oníǹkan á mú padà. Bó jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ mú ìwé lọ, mo máa ń kọ ọ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí pé ó jẹ́ òótọ́ ni kí wọ́n fún wọn. Mo tún máa ń sọ fún wọn kí wọ́n má fi owó kankan sílẹ̀ láìgba rìsíìtì, wọn kì í gbọ́.

Ẹgbẹ́ onílé ti ní ká kọ lẹ́tà gọ́tà náà lákọ̀tun, lábẹ́ òfin 2011 lọ́tẹ̀ yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ariwo ni ti ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Alága ní àbúrò òun ń bẹ ní káńsù. Akápò ní ọmọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ níbẹ̀ ni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wọn rí ìbátan tí wọn ò fẹ́ kó rí ìjàngbọ̀n. Bàbá ọmọbìnrin ọjọ́sí, ọkùnrin Ìgbò tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, tó ti kọ́lé sí àdúgbò wa tipẹ́, ló wá dìde. Ó ní òun ò ní ẹnikẹ́ni ní káńsù, kí wọ́n gbé bírò wá. "Ẹnikẹ́ni" ni òfin sọ, òun náà jẹ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà rẹ̀. Ọjọ́ méje òfin kò tíì pé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹgbẹ́ sì ti ń dá owó lọ́yà sílẹ̀ bó bá di ti kọ́ọ̀tù. Akápò ní àwọn tí ẹnu wọn mú jù nípàdé ni wọn ò tíì san.